Àjàrà Jíjẹ Lẹ́yìnkùlé ní Òṣogbo: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ṣé àjàrà kọ́ ni gíréèpù?

Lójú ọjà, rárá. Ẹ lọ sí Ìgbọ̀nà kí ẹ ní gíréèpù lẹ fẹ́ rà, ọsàn ńlá tó korò díẹ̀ nì ni wọ́n máa kó fún yín. Àjàrà inú Bíbélì là ń sọ níbí: igi tó ń fà bí ìtàkùn, tí hóró rẹ̀ máa ń ṣùjọ sórí ṣírí kan. Ẹni tó bá fẹ́ ra igi rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ọ̀gbìn, kó ṣàlàyé dáadáa, kó má baà gbé igi ọsàn délé.

Ṣé ojú ọjọ́ Òṣogbo gbà á?

Ó gbà á, àmọ́ iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ní Ítálì tàbí Sípéènì, òtútù ló máa ń gbọn ewé àjàrà sílẹ̀. Igi á sùn fún oṣù mélòó kan. Bí ooru bá dé, ojú ara ẹ̀ka, ibi tí ewé ti ń yọ, á jí lẹ́ẹ̀kan náà, ìtànná á bá ewé jáde. Ọyẹ́ tiwa kò le tó bẹ́ẹ̀. Àjàrà tí a bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Òṣogbo kì í sùn: orí ẹ̀ka á máa fà lọ, ewé ìdí á máa gbẹ, èso kò ní sí. Síbẹ̀, Maharashtra ní Íńdíà àti Petrolina ní Bràsíìlì, níbi tí ooru ti mú bíi tiwa, ń kó àjàrà ránṣẹ́ sí ilẹ̀ òkèèrè. Àlùmọ́gàjí ni wọ́n sọ di òtútù. Wọ́n á gé e, wọ́n á já ewé tó kù, igi á sì jí bí ẹni tó sùn.

Òjò ni ìṣòro kejì. Tiwa máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹta tàbí Oṣù Kẹrin, kì í sì í fẹ́ dá títí Oṣù Kẹwàá á fi parí. Omi tó bá pẹ́ lójú ewé ló ń mú àrùn wá, òjò tó bá bá ìtànná á gbọ̀n ọ́n dànù, èyí tó bá bá èso tó ń pọ́n á fà á ya. Nítorí náà, inú ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ìtànná àti èso bọ́ sí, láàárín Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kẹta. Ọjọ́ tí ẹ bá gé e ló ń pinnu ìyẹn. Gbogbo ohun yòókù tó wà nísàlẹ̀ yìí, ẹ̀yìn ọjọ́ ìgé yẹn ló ń tẹ̀ lé.

Irú wo ni ká kọ́kọ́ gbìn?

Isabella. Dúdú ni, awọ rẹ̀ nípọn, ó sì máa ń yọ́ kúrò lára ẹran rẹ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́nu. Òórùn rẹ̀ le, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ó ń fara da àrùn àsìkò òjò ju àwọn tó kù lọ. Àwọn ará Íńdíà ń pè é ní Bangalore Blue.

Bí èyí bá ti mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ gbìyànjú Muscat Hamburg, tó dúdú tó sì ń ta sánsán, tàbí Cardinal, tó pupa tí hóró rẹ̀ tóbi. Thompson Seedless ni funfun tí kò ní kóró tí ẹ máa ń rí nínú ike ní ṣọ́ọ̀bù. Òun ni gbogbo èèyàn ń béèrè, òun náà ló ń dá wọn lágara jù: àrùn tètè ń mú un, ojú tó wà nídìí ẹ̀ka rẹ̀ kì í so, ìgé tirẹ̀ sì yàtọ̀. Ní ti Red Globe, tó tóbi bí ọmọ ayò ọlọ́pọ́n, ooru òru wa kì í jẹ́ kó pọ́n rẹ́sùrẹ́sù.

A ra àjàrà ní ṣọ́ọ̀bù, ṣé a lè gbin kóró inú rẹ̀?

Ó lè hù, bí ẹ bá kọ́kọ́ kó o sínú yanrìn tútù nínú fíríìjì fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ọmọ kò ní jọ ìyá. Ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ máa dúró kí ẹ tó mọ̀ bóyá ó dùn tàbí ó kan. Ẹ̀ka ni kí ẹ gbìn, bí a ti ń gbin igi ẹ̀gẹ́.

Báwo la ṣe ń mú ẹ̀ka, ká sì gbìn ín?

Ara igi tó ti so lójú yín, tàbí lójú ẹni tí ẹ fọkàn tán, ni kí ẹ ti mú un. Ẹ̀ka ọdún yìí ni kí ẹ wá, èyí tí èèpo rẹ̀ ti kúrò ní àwọ̀ ewé tó di pupa rúsúrúsú, tó nípọn bíi pẹ́ńsùlù. Ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30, kó ní ojú mẹ́rin. Ẹ gé ìdí rẹ̀ gbọọrọ lábẹ́ ojú, kí ẹ gé orí rẹ̀ ní ìdágẹ̀ẹ́rẹ́, bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sókè ojú. Ìyàtọ̀ ojú ìgé méjèèjì yìí ló máa jẹ́ kí ẹ mọ orí yàtọ̀ sí ìdí. Ẹ̀gẹ́ lè dárí jì yín bí ẹ bá dojú rẹ̀ dé. Àjàrà kò ní hù.

Ẹ pò yẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ méjì mọ́ yanrìn odò kan, ẹ kó o sínú náílọ̀n ọ̀gbìn tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 25, tí ẹ ti dá lu nísàlẹ̀. Ẹ má fi ìgbẹ́ adìẹ sí i, ó máa ń jó ìdí ẹ̀ka kó tó ta gbòǹgbò. Ojú méjì ni kó wà nínú yẹ̀pẹ̀, méjì lókè. Ẹ gbé e sábẹ́ ìbòòji, kí yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ máa tutù, kó má rin gbingbin. Ewé sábà máa ń yọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe: oúnjẹ tó wà nínú ẹ̀ka ló ti ewé yẹn jáde, gbòǹgbò ò tíì sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni gbòǹgbò ń gbà. Ẹ má fà á wò. Bó bá pé oṣù mẹ́ta, ó tó í lọ sílẹ̀.

Bí ẹnì kan bá fẹ́ kó ẹ̀ka wá fún yín láti òkè òkun, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NAQS, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò níbodè. Àrùn tí kò sí nílẹ̀ yìí lè bá ẹ̀ka inú àpamọ́wọ́ wọlé.

Ibo nínú ọgbà, ìgbà wo la sì ń gbìn ín?

Ibi tí oòrùn ti ń dé fún wákàtí méje ó kéré tán. Ìhà ìlà oòrùn ilé ló dára jù, torí oòrùn àárọ̀ á tètè gbẹ ìrì ojú ewé. Ẹ má gbìn ín síbi tí omi òjò ń dúró sí, ẹ sì jìnnà sí sọkàwéè. Ẹ tún wo ohun tí wọ́n ti ń gbìn níbẹ̀. Bí ẹ bá fa ewédú, ilá tàbí tòmátò tu tí gbòǹgbò rẹ̀ ní kókó rúgúrúgú, aràn inú ilẹ̀ ló fà á, ó sì ń jẹ gbòǹgbò àjàrà náà. Ẹ wá ibòmíràn.

Kòtò rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 60 ní gígùn, 60 ní ìbú, 60 ní jíjìn. Ẹ ya yẹ̀pẹ̀ dúdú òkè sọ́tọ̀ kúrò lára pupa tó ní òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀. Ẹ pò ti òkè mọ́ kílò 10 ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán àti agolo mílíìkì eérú igi méjì, ẹ dà á padà, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó gba igi. Láti igi kan sí ìkejì, mítà mẹ́ta.

Bí ẹ bá ní kànga tàbí ẹ̀rọ omi, ẹ gbìn ín ní ìparí Oṣù Kẹsàn-án sí àárín Oṣù Kẹwàá, kí ewé ọ̀tun lè bọ́ sígbà tí òjò ń lọ sílé. Ẹni tí òjò nìkan ló gbẹ́kẹ̀ lé kó gbìn ín ní Oṣù Kẹrin, kó sì múra de àrùn.

Àtíbàbà wo ló lè gbé e?

Àjàrà tó dàgbà wúwo, kò sì ní kúrò níbẹ̀ fún ogún ọdún, ẹ má fi ọparun ṣe é. Ọdún méjì, ó ti jẹrà. Páìpù onírin tí a fi kọ́ńkéré gbìn ní sẹ̀ǹtímítà 60 sínú ilẹ̀ ló dára jù. Bí owó kò bá tó o, igi tíìkì. Ikán ni ọ̀tá rẹ̀, nítorí náà ẹ fi kọ́ńkéré gbé ìdí rẹ̀ kúrò nínú yẹ̀pẹ̀.

Kí ó ga tó mítà méjì, bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ààbọ̀, kí ẹ lè máa rìn lábẹ́ rẹ̀, kí ewúrẹ́ má sì lè dé ewé. Wáyà tí kì í dógùn-ún, tó nípọn tó mìlímítà 2.5 sí 3, ni kí ẹ fi la òkè rẹ̀ já ní sẹ̀ǹtímítà 40 sí 50 síra wọn. Ẹ nà án kó le dáadáa. Wáyà tó bá rọ̀ á tẹ̀ sísàlẹ̀ lọ́dún tí èso bá pọ̀, ẹ̀ka á sì ya.

Kí la ń ṣe lọ́dún àkọ́kọ́?

Igi kan ṣoṣo lókè ni à ń wá. Nígbà tí ẹ̀ka tuntun bá ga tó ìka ọwọ́, ẹ mú èyí tó lágbára jù, ẹ yọ ìyókù. Ẹ so ó mọ́ ọ̀pá pẹ̀lú aṣọ àlòkù. Wáyà àti okùn ọ̀rá máa ń gé e lọ́rùn bó bá ń sanra. Gbogbo ẹ̀ka kéékèèké tó bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, ẹ já a. Bí orí rẹ̀ bá kọjá wáyà díẹ̀, ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 10 sísàlẹ̀ wáyà. Ẹ̀ka méjì á yọ lábẹ́ ojú ìgé, ẹ tẹ́ ọ̀kan sápá ọ̀tún, ọ̀kan sápá òsì. Apá rẹ̀ nìyẹn títí ayé. Nígbà tí apá kọ̀ọ̀kan bá gùn tó mítà kan àti díẹ̀, ẹ gé orí rẹ̀ kí ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ lè yọ. Ẹ máa fi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 sáàárín wọn.

Ìgé gan-an wá ńkọ́? Ìgbà wo, báwo?

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ìgé méjèèjì kì í sì í ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ìgé Oṣù Kẹrin ni ti igi. Ẹ gé gbogbo ẹ̀ka tó so kúrú, kó ku ojú méjì péré lára apá. Ẹ̀ka tuntun tó bá jáde kò ní so lásìkò òjò yẹn. Inú rẹ̀ ni àjàrà ti ń ṣẹ̀dá ṣírí ọdún tó ń bọ̀, ní nǹkan bí ọjọ́ 40 sí 70 lẹ́yìn ìgé. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń fi ṣe é. Bí ewé bá ṣú bo ara wọn mọ́lẹ̀, tàbí tí àrùn já wọn dànù nígbà yẹn, ẹ̀ẹ̀rùn á dé, ẹ ò ní rí ṣírí kankan, ẹ á sì máa rò pé ìgé Oṣù Kẹwàá lẹ ṣì. Ẹ̀ka kan ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 15 ti tó. Bí ó bá ti ní ewé 15, ẹ já orí rẹ̀.

Ìgé ìparí Oṣù Kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kọkànlá ni ti èso. Ẹ wo ojú ọ̀run: bí òjò bá ti ń jìnnà síra, ó yá. Ẹ̀ka tó nípọn bíi pẹ́ńsùlù tó ti pupa rúsúrúsú ni kí ẹ dá sí. Ti Isabella, Cardinal àti Muscat, ẹ gé e kó ku ojú mẹ́ta sí mẹ́rin. Ti Thompson, kó ku ojú 8 sí 12, torí ibi tó jìnnà sí ìdí ló ti ń so. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀, ẹ gé e kúrò pátápátá. Lẹ́yìn náà, ẹ já gbogbo ewé tó bá ṣẹ́kù. Gbogbo rẹ̀. Ewé tí ẹ bá ṣàánú fún ni kò ní jẹ́ kí ojú ìdí rẹ̀ jí.

Kí ẹ ka ọjọ́ láti ibẹ̀. Bí ẹ bá gé e ní ọjọ́ kìíní Oṣù Kọkànlá, ojú á jí láàárín ọjọ́ 10 sí 15, ìtànná á dé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì Oṣù Kejìlá, èso á sì pọ́n ní ìparí Oṣù Kejì. Ẹni tó bá sún un di Oṣù Kejìlá, òjò àkọ́rọ̀ ló máa bá a kórè.

Omi tó ń kán lójú ìgé kò ní pa á, ẹ má fi nǹkan dí i. Bó bá jẹ́ pé ojú orí ẹ̀ka nìkan ló jí tí ti ìdí ń sùn, ẹ tẹ ẹ̀ka náà wálẹ̀ bí ọrun, kí ẹ so ó, ti ìdí á dìde. Àwọn àgbẹ̀ ńlá máa ń fi oògùn hydrogen cyanamide kun ojú kó lè jí pọ̀. Májèlé tó le ni, kò sí ohun tó ń wá nínú ọgbà tí ọmọdé àti adìẹ ń rìn.

Omi àti ajílẹ̀?

Igi kékeré: lítà 5 sí 10 lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Igi tó ń so: lítà 30 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nídìí, kì í ṣe lórí ewé. Kí ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ ká a, ẹ dín in kù sí ìdajì. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, kó má kan igi.

Ní ìgé kọ̀ọ̀kan, NPK 15-15-15 tó kún agolo mílíìkì kan (tó bíi 150 gíráàmù) fún igi tó dàgbà, ẹ wọ́n ọn yíká ní sẹ̀ǹtímítà 50 sí igi, kí ẹ bò ó. Igi ọdún àkọ́kọ́, ìdá mẹ́ta agolo. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kílò 10 ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà. Ẹ má fi yúríà sí i. Ewé á gbòòrò bí ewé kókò, èso kò ní sí.

Àrùn wo ló máa ń mú un, kí la sì ń fín sí i?

Ti àsìkò òjò ló burú jù. Ojú ewé á ní àmì ìyeyè bí ìgbà tí epo kán sí i. Ẹ yí i padà, ẹ á rí ohun funfun bí òwú lábẹ́ ibẹ̀ gan-an. Downy mildew ni wọ́n ń kọ sára ike oògùn rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè já gbogbo ewé dànù. Èyí tó ní ìyẹ̀fun bí osùn lábẹ́ ewé yàtọ̀ sí i, òun kì í yára tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó sì ń dá ojú dúdú roboto sára hóró àti ẹ̀ka tútù máa ń dé bí òjò bá bá èso.

Ilẹ̀ kòkó ni Ọ̀ṣun, nítorí náà oògùn kọ́pà tí àwọn àgbẹ̀ ń fín sí kòkó nítorí àrùn tó ń sọ ọ́ di dúdú kò ṣòro rí ní ṣọ́ọ̀bù oògùn oko. Ó ń ṣiṣẹ́ fún àjàrà náà; ẹ tẹ̀ lé òṣùwọ̀n ara páálí. Ẹni tó bá fẹ́ pò ó fúnra rẹ̀: ẹ yọ́ 100 gíráàmù kọ́pà sọ́fétì sínú lítà 5 omi nínú ike kan, ẹ po 100 gíráàmù láìmù (ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń pè ní hydrated lime, kì í ṣe èso) sínú lítà 5 nínú ike mìíràn. Ẹ da ti kọ́pà sínú ti láìmù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó. Ẹ má lo garawa onírin, kọ́pà máa ń jẹ ẹ́. Ẹ ki ìṣó tó mọ́ bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú kan: bí ó bá pọ́n bíi kọ́bọ̀ àtijọ́, láìmù kò tó, oògùn náà á sì jó ewé. Ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí ẹ lò ó tán lọ́jọ́ náà. Fún ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ìdajì òṣùwọ̀n.

Abẹ́ ewé ni kí ẹ fín in sí. Ní gbogbo ọjọ́ 10 sí 14 nínú àsìkò òjò. Bí òjò ńlá bá fọ̀ ọ́, ẹ tún un fín. Ẹ má fín in sí ìtànná, ẹ sì dáwọ́ dúró nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ kórè. Ìbọ̀wọ́, ìbòmú, aṣọ alápá gígùn.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, àrùn mìíràn máa ń wá tó dà bí eérú lójú ewé àti lára hóró, hóró á sì là. Imí ọjọ́ tí a ń po mọ́ omi ló ń pa á, àmọ́ ó ń jó ewé bí ooru bá kọjá nǹkan bí 32°C, ọ̀sán Oṣù Kejì wa sì ń kọjá bẹ́ẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fín in, nígbà ọyẹ́. Àrùn yòówù kó jẹ́, ẹ gbá ewé tó bá já nílẹ̀, kí ẹ sun ún.

Ẹni tí agbára rẹ̀ bá gbé e lè fi náílọ̀n tó mọ́ gaara ṣe òrùlé fún àtíbàbà lásìkò òjò, kó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Ìyẹn ń dín oògùn kù ju ohunkóhun lọ.

Ó ti pé ọdún mẹ́ta, ewé nìkan ni. Kí ló dé?

Ẹ wo èyí léraléra: ṣé ẹ ti gé e rí? Ṣé ìbòòji kò bò ó? Ṣé yúríà kò pọ̀? Ṣé kì í ṣe Thompson lẹ gé kù sí ojú méjì ní Oṣù Kẹwàá? Ti àkọ́kọ́ ló sábà máa ń jẹ́.

Ṣé gbogbo ṣírí ló yẹ ká fi sílẹ̀?

Rárá. Lọ́dún tó bá kọ́kọ́ so, ṣírí mẹ́fà sí mẹ́jọ ti tó. Bí ẹ bá gbìn ín ní Oṣù Kẹwàá 2025, Oṣù Kejì 2027 nìyẹn. Igi tó ti gbó lè gbé 20 sí 40. Ṣírí kan lórí ẹ̀ka kan. Nígbà tí hóró bá tó hóró ìyèré, ẹ fi àlùmọ́gàjí kékeré gé ìdá mẹ́rin ìsàlẹ̀ ṣírí àti hóró tó há sáàárín. Ó máa ń dunni láti ṣe, àmọ́ ṣírí tó bá há jù máa ń jẹrà láti inú wá.

Ẹyẹ ńkọ́?

Ẹ̀gà lọ́sàn-án, àdán lóru, agbọ́n lára hóró tí ẹyẹ ti fi ẹnu kàn. Kò sí aṣọ àkísà tó ń dẹ́rù bà wọ́n ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ẹ rán àpò láti ara àwọ̀n ẹ̀fọn tí wọn kò tíì fi oògùn sí, ẹ fi ṣírí kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀ kí hóró tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, kí ẹ so ẹnu rẹ̀.

Báwo la ṣe mọ̀ pé ó ti pọ́n?

Ẹ tọ́ hóró ìsàlẹ̀ pátápátá wò, òun ló ń pọ́n kẹ́yìn. Kóró inú rẹ̀ á ti di àwọ̀ igi, kò ní jẹ́ àwọ̀ ewé mọ́. Ẹ má gba ojú gbọ́: nínú ooru wa, èyí tó yẹ kó pupa lè dùn nígbà tí ojú rẹ̀ kò tíì pupa tán. Àjàrà kì í sì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀, èyí tí ẹ bá ká ní kíkan á wà ní kíkan. Àárọ̀ ni kí ẹ gé e. Ẹ má fọ̀ ọ́ kó tó wọ fíríìjì; ìgbà tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́ ni kí ẹ fọ̀ ọ́.

Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ẹ la hóró kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin ní gígùn, ó lè há a lọ́fun. Ẹ má jẹ́ kí ajá jẹ ẹ́, tútù tàbí gbígbẹ. Ó ń ba kíndìnrín ajá jẹ́, ó sì lè pa á.

Ibi tí a háyà ni à ń gbé. Ṣé ó lè wà nínú kẹ́ẹ̀gì?

Ó lè wà nínú dúrọ́ọ̀mù ike tó gba lítà 60 sókè, tí ẹ ti lu ihò mẹ́fà sísàlẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kéré. Ojoojúmọ́ lẹ máa bomi rin ín nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ṣírí mẹ́rin sí mẹ́fà ni kí ẹ máa retí, ní ọdún méjì méjì kí ẹ pààrọ̀ yẹ̀pẹ̀ òkè rẹ̀.

Ṣé wọ́n ń jẹ ewé rẹ̀?

Àwọn ará Gíríìsì àti Tọ́kì máa ń fi di ìrẹsì bí a ti ń fi ewé di mọ́ínmọ́ín, àmọ́ wọn kì í tú tiwọn dànù, wọ́n ń jẹ ẹ́ mọ́ ọn ni. Ewé tútù ìgé Oṣù Kẹrin ló dára fún un, kí ẹ tó fín oògùn kankan sí i.